Bí oògùn tàífọ́ọ̀dù ṣe fi ojú ìfun mi rí màbo

Ní àdúgbò wa, ẹni tí kò bá ní tàífọ́ọ̀dù ni kò tíì lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ẹ wọ ilé àyẹ̀wò kékeré èyíkéyìí létí títì n'Íbàdàn níbí, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá yín, kí ẹ jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á já pépà lé yín lọ́wọ́ tí wọ́n kọ 1/160 sí, ìyẹn ni pé tàífọ́ọ̀dù wà lára yín. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní bi yín pé kí ló ń ṣe yín gan-an. Irú pépà bẹ́ẹ̀ ni mo gbára lé fún ọdún bíi mélòó kan tí mo fi ń da oògùn lé oògùn, títí ìfun mi fi kọ̀ jálẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, oorun di àwátì. Orí máṣíìnì la ti ń jẹun: búrẹ́dì, mínírà tútù, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, tó bá wá di ọ̀gànjọ́ ká fi ẹ̀bà dí i. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á máa gbóná lábẹ́lẹ̀, orí á máa fọ́ mi, ẹnu mi á korò. Ẹni tí kò sùn, tí ẹ̀fọn ń jẹ mọ́jú, tí kò fojú kan ẹ̀fọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣé ó yẹ kí ara rẹ̀ dá ni? Ṣùgbọ́n ta ló ń rò ó débẹ̀? Kẹ́míìsì ni mo máa ń gbà lọ.

Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì náà, "dókítà" ni gbogbo wa ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, ó máa ń ta àwìn fún mi. "Ìyá Ìbejì, tàífọ́ọ̀dù yẹn ló tún gbérí o." Á wá kó oògùn pọ̀ fún mi: ciprofloxacin fún tàífọ́ọ̀dù, Flagyl kí inú lè fọ̀, oògùn ibà, oògùn ara ríro, fítámì. Bí ó bá le, abẹ́rẹ́ ni. Ara á fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó bá ṣe, ó tún dé. Mi ò jẹ́ kí ohun tí wọ́n kó fún mi tán rí. Bí ara bá ti yá díẹ̀, ìyókù ń lọ sínú dúrọ́ọ̀, ó di ti ọjọ́ mìíràn.

Ẹ má sì dá ẹjọ́ kẹ́míìsì nìkan. Nínú ilé wa, Flagyl kì í wọ́n nínú báàgì obìnrin. Ìgbẹ́ rọ̀ díẹ̀, ẹ gbé méjì mì. Inú ń kùn, ẹ gbé méjì mì. Ìyá mi gbàgbọ́ pé Ampiclox ló ń fọ inú obìnrin mọ́ lẹ́yìn nǹkan oṣù, ó sì fi kọ́ gbogbo wa. Egbò kékeré lẹ́sẹ̀ ọmọ, ẹ tú kápúsù sí i. Áńtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n a ò rí i bí oògùn tó lágbára. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ẹ̀bá iyọ̀ àti máagí ló ń gbé.

Inú kíkún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé téèpù ò kúrò lọ́rùn mi, mo wọn ikùn mi lọ́jọ́ kan kí n tó jẹun àárọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́: ó fi ínṣì mẹ́ta lé. Mo rò pé mo ṣì í wọ̀n ni. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí mi kú oríire, ó rò pé mo ti tún lóyún. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré lé mi. Mi ò ní tíì gbé omi tíì kalẹ̀ láàárọ̀ tí inú á ti lọ́ mọ́ mi. Ó dé ibi pé tí mo bá fẹ́ lọ wọn aṣọ fún ìyàwó nílé wọn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń fojú wá ni ilé ìyàgbẹ́. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń fi omijé ṣe ẹkún ìyàwó nínú pálọ̀, tí èmi wà nínú ilé ìyàgbẹ́ wọn tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìlù má dákẹ́.

Ohun tí mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ni bí ọkàn mi ṣe rí lásìkò náà. Mi ò rí oorun sùn. Mò ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lórí bọ́tìnnì lásán. Ọkọ mi á bi mí ní ìbéèrè kan, ẹkún á gbọ̀n mí. Àǹtí mi ní mo ti jẹun lójú oorun, pé wọ́n ti sà á sí mi, ó mú mi lọ síbi àdúrà. Ìyá alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó fún mi ní agbo tó tú inú mi dé ibi tí mi ò lè dìde dáadáa. Obìnrin kan tí mo ń ránṣọ fún wò mí títí, ó ní mo ti gbẹ, pé kí n máa po mílíìkì mọ́ mọ́ọ̀tì mu kí ẹ̀jẹ̀ lè wọ ara mi. Mo ń mu ún láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ọ̀ràn wá di méjì. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti fura sí mílíìkì, nítorí ohun tí wọ́n ń gbé fún aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ni.

Ibi tó burú jù ni èyí tí àwa obìnrin kì í fẹ́ sọ. Ojú ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, nǹkan funfun tó dì ń jáde. Ohun tí rédíò ti kọ́ wa ni mo pè é: sítáfi. Wọ́n tún kó áńtíbáyótíìkì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún mi. Yíyún náà ò lọ, ìgbẹ́ gbuuru sì tún peléke. Mo padà lọ, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹnì kan dì mí lọ́wọ́ mú.

Omi tó tán lára mi ló gbé mi dé ilé ìwòsàn ìjọba. Ojú mi ti wọnú, mi ò lè dúró. Wọ́n fa omi sí mi lára. Dókítà tó wá rí mi, ọmọbìnrin kan ni, ó ṣeé ṣe kó má ju àbúrò mi àbíkẹ́yìn lọ. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò wá látilé, àti páálí rẹ̀." Ọkọ mi gbé e wá nínú ọ̀rá dúdú. Dókítà náà dà á sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tò wọ́n sí ìlà kan, àwọn tó ń pa bakitéríà lápá kan, ìyókù lápá kejì. Ìlà ti àkọ́kọ́ gùn dé ibi ẹsẹ̀ mi. Kò bá mi wí. Ó kàn bèèrè pé, "Mà, nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń sọ pé tàífọ́ọ̀dù ni, ṣé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín lọ gbìn rí?"

Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ṣàlàyé: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bí kòkòrò tàífọ́ọ̀dù bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ á hù jáde. Tẹ́ẹ̀sì tí à ń ṣe létí títì, Widal ni wọ́n ń pè é, láti 1896 ló ti wà. Kì í wá kòkòrò rárá. Ohun tó ń wá ni ohun ìjà tí ara ti rọ sílẹ̀ láti bá kòkòrò náà jà. Ní ilẹ̀ tí omi kò mọ́ tó bíi tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ara rẹ̀ ti pàdé kòkòrò yẹn tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ láti kékeré, ohun ìjà náà ò sì tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ibà ẹ̀fọn pàápàá lè mú kí Widal sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, pépà yẹn lè kà 1/160 lára ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ gbìn, wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò. Kò sí tàífọ́ọ̀dù. Kò sí aràn. Ní ti yíyún, kì í ṣe sítáfi: irú ìwúkàrà kan tí wọ́n ń pè ní candida ni, áńtíbáyótíìkì kì í pa á. Oògùn tí mò ń gbé mì ti pa àwọn bakitéríà rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀, candida sì ráyè gbilẹ̀. Oògùn tó tọ́ sí i wẹ́rẹ́ báyìí ni, owó rẹ̀ ò sì tó ìdá kan nínú ohun tí mo ti ná.

Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé gbogbo kòkòrò ni ọ̀tá. Dókítà yìí ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìfun ńlá èèyàn kún fún bakitéríà tí a bá gbé. Àwọn onímọ̀ kan ṣírò rẹ̀ ní 2016 sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38, iye tí kò jìnnà sí iye sẹ́ẹ̀lì tó para pọ̀ di ara èèyàn fúnra rẹ̀. Ohun tí ikùn wa kò lè dà nínú ẹ̀wà, ewébẹ̀, ọkà àti èso ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní butyrate, òun sì ni sẹ́ẹ̀lì ara ìfun ńlá fi ń ṣe oúnjẹ jù lọ. Wọ́n tún ń gba ààyè mọ́ kòkòrò burúkú lọ́wọ́. Ohun tí èmi ń ṣe láti ọdún mélòó kan wá dà bí ẹni tó fẹ́ lé olè kan jáde lọ́jà, tó wá sọ iná sí gbogbo ìsọ̀.

Wọn ò kọ áńtíbáyótíìkì kankan fún mi nígbà tí mò ń lọ. Mo bínú díẹ̀, kí n má parọ́. Ẹni tó dé ilé ìwòsàn tí kò rí oògùn rẹpẹtẹ gbà, ṣé wọ́n tọ́jú rẹ̀ ni? Omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ìyẹn ORS, ni wọ́n kó fún mi, wọ́n ní kí n fi mílíìkì sílẹ̀ pátápátá ná, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá jẹ àti bí inú mi ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo lò. Lójú kan, ìwọ̀n bùbá ìyá ìyàwó, lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ̀wà alẹ́, inú kún, kò ṣu", "mínírà méjì, ṣu omi", "àmàlà, ewédú, dáadáa." Ìwé yẹn ló kọ́ mi ju ẹnikẹ́ni lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí mo fi mílíìkì sílẹ̀, ìdajì ìgbẹ́ gbuuru náà ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mílíìkì, nítorí mo rí i pé àwa Yorùbá kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ọmọ wa ló wà lára àwọn tó wádìí rẹ̀. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó padà wá di mínísítà ètò ìlera láti 1985, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀yà Nàìjíríà àti ṣúgà inú wàrà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá ni kò lè dà á, ṣùgbọ́n àwọn Fúlàní darandaran ń dà á. Ṣúgà tí a ò bá lè dà máa ń lọ bá bakitéríà nínú ìfun ńlá, wọ́n á sọ ọ́ di atẹ́gùn, á sì fa omi wọlé. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bó nítorí ìgbẹ́ gbuuru kò tún wá lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ láti dà á. Èmi wá ń po agolo mílíìkì mu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nọ́nọ̀, ìyẹn wàrà kíkan àwọn Fúlàní, ò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu, nítorí bakitéríà tó mú un kan ti jẹ lára ṣúgà rẹ̀. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń fi bomubómu dì náà, omi ara rẹ̀ ló ti gbé èyí tó pọ̀ nínú ṣúgà lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ pé bakitéríà rere ń jẹ ẹ̀wà àti ewébẹ̀, mo fi wàdùwàdù kó o. Ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀fọ́ rírò ọ̀sán, ilá lálẹ́, ọsàn pẹ̀lú èépá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lè dùbúlẹ̀. Ìfun tó ti ń gbé lórí búrẹ́dì àti oògùn kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló dáa: ṣíbí ẹ̀wà mélòó kan lórí ìrẹsì, kó pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni kí n rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí n da omi rẹ̀ nù, kí n fi omi mìíràn sè é. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tó ń di atẹ́gùn níkùn, omi ìrẹ̀ yẹn máa ń gbé lára rẹ̀ lọ. Ìyá mi ní mò ń da adùn ẹ̀wà nù. Bóyá lóòótọ́.

Ẹ máa rí àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ wa àtijọ́ kún fún bakitéríà rere: ògì, irú, fùfú. Òótọ́ ni pé kòkòrò ló ń mú kí ògì àti fùfú kan, òun náà ló sì ń sọ irú di irú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tí a fi omi gbígbóná rò, ooru ti pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. Omidùn tútù ni wọ́n ṣì wà láàyè, ẹni tó bá sì fẹ́ mu ún ní láti mọ omi tí wọ́n fi ṣe ògì náà. Èmi ò mọ ti ìyá tó ń tà á fún wa, mi ò mu ún. Kápúsù "bakitéríà rere" tí wọ́n ń tà ní fámásì náà, mo rà á, ó wọ́n, mi ò rí ìyàtọ̀. Mo padà kà á pé ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ ìfun ní Amẹ́ríkà sọ pé fún ọ̀pọ̀ àìsàn inú, ẹ̀rí tó wà kò tó láti dámọ̀ràn rẹ̀. Ká ní mo ti kà á ṣáájú.

Ìwádìí kan tí mo kà tún wà tó wọ̀ mí lára. Wọ́n kó ogún èèyàn dúdú láti Pittsburgh ní Amẹ́ríkà àti ogún láti abúlé ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré: ará Amẹ́ríkà ń jẹ ẹ̀wà àti ọkà, ará abúlé ń jẹ ẹran ọlọ́ràá àti oúnjẹ yíyára-sè. 2015 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, butyrate pọ̀ sí i nínú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì dín kù lára àwọn ará abúlé. Mo wo búrẹ́dì tó wà lórí máṣíìnì mi.

Ní ti ọkàn tó ń bàjẹ́, ẹ má gbà fún àwọn tó ń pariwo pé ìfun ló ń ṣe ìdùnnú. Serotonin ni èròjà tí wọ́n ń so mọ́ ìdùnnú. Èyí tó wà lára èèyàn, ìfun ló ń ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ìfun kì í ráyè wọ ọpọlọ, ọpọlọ ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lára ohun tó so wọ́n pọ̀ ni iṣan kan tí wọ́n ń pè ní vagus, inú ló sì máa ń ránṣẹ́ sókè gba ibẹ̀ ju bí ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀ lọ. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé nígbà tí inú mi rọlẹ̀, oorun padà. Nígbà tí oorun padà, ariwo mi nínú ṣọ́ọ̀bù dín kù. Owó tí mi ò ná sí kẹ́míìsì mọ́ náà ní ipa tó kó níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi gbogbo ògo fún bakitéríà.

Mi ò sọ pé tàífọ́ọ̀dù kò sí o. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní in ní tòótọ́. Ibà náà ń ga sí i lójoojúmọ́, wọ́n ń kó oògùn pọ̀ fún un nílé, títí ó fi kọjá ọ̀sẹ̀ kejì: ìfun rẹ̀ lu. Iṣẹ́ abẹ ló gbà á là. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé áńtíbáyótíìkì ààbọ̀ tó ti lò tẹ́lẹ̀ mú kí kòkòrò náà ṣòro láti rí nígbà tí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìfun mi ò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ Iléyá bá ti dé, ó máa ń ta kìjí, bí ẹni pé ó mọ ọjọ́. Dókítà ní irú ìfun bẹ́ẹ̀ lè máa bínú fún ìgbà pípẹ́ láìsí egbò kankan nínú rẹ̀, pé oúnjẹ, oorun àti àníyàn ló ń darí rẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara mi gbóná lẹ́ẹ̀kan síi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún ibà, ibà ni, mo lo oògùn ibà tán pátá, ó parí. Nígbà tí Kẹ́hìndé ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS àti zinc ni mo fún un, Flagyl ò jáde nínú báàgì, ó sì dá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá jọ tirẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ yín, tí ìgbẹ́ bá dúdú tó ń fà, tí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí, tàbí tí ibà kò sọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má ka ìwé mi sí ìtọ́jú, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, àti agbo, ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá gba ẹ̀jẹ̀ gbìn, ẹ má gbé áńtíbáyótíìkì kankan mì kí wọ́n tó gbà á.